Ẹ̀rọ Alántakùn Tí Mo Gbé Sórí Ọparun

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò ní gbàgbé títí tí wọn yóò fi gbé mi wọ káà ilẹ̀, ọjọ́ tí mo sáré já sí títì ní Ìkirè pẹ̀lú agbádá lókè àti ṣòkòtò péńpé nísàlẹ̀. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó díẹ̀, nítorí kò sí bí irú wa ṣe máa ra nǹkan lóde òní tí iye tí à ń ra nǹkan nígbà èwe wa ò ní kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kọ́bọ̀ díẹ̀ la fi ń jẹ ìrẹsì àti ẹran adìyẹ, a ó sì tún fi ọsàn panu. Wọ́n ń bá wa fọ aṣọ, wọ́n ń bá wa lọ̀ ọ́, àwa náà sì rò pé bí ayé ṣe máa rí títí láé nìyẹn. Owó tí mo kó sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá fún ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju àwo oúnjẹ lọ, bó bá jẹ́ ayé ìgbà náà ni, á ra ọkọ̀ Ìjàpá fún gbogbo àwa tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní yunifásítì, ẹni tó ń se oúnjẹ fún wa náà á sì gba kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Mi ò sọ ọ́ láti ṣàròyé. Ohun tí ẹ̀rọ yẹn fi hàn mí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, kò sí ọkọ̀ Ìjàpá tó lè gbé mi débẹ̀.

Ẹ̀rọ tí mò ń wí ni rúútà, èyí tó máa ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú òfurufú tí á sì pín in káàkiri ilé. Mo ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, kékeré kan báyìí, tó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé pálọ̀. Bí mo bá wà ní pálọ̀, mo lè rí gbogbo ayé lórí fóònù mi. Bí mo bá wọ yàrá mi lẹ́yìn ilé, mi ò rí nǹkan kan mọ́. Ilé bàbá mi ni, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, amọ̀ ni wọ́n mọ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé bí ẹnì kan bá ń pè mí láti pálọ̀, mo lè sọ láìpurọ́ pé mi ò gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri yẹn nígbà tí iṣẹ́ ilé bá yọjú. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa gbẹ̀san lára mi.

Àwa tí a jọ jáde ní yunifásítì máa ń pàdé lórí fóònù ní ọ̀sán Sátidé, tí kálukú á máa rí ojú ẹnì kejì. Adégòkè ní Ìbàdàn ló máa ń pè wá jọ. Jọláadé, tó ti di ìyá àgbà ní Abẹ́òkúta, ló máa ń bú wa. Làmídì, ọmọ Àpòmù, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò níbí ní Ìkirè kó tó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó, ló máa ń rẹ́rìn-ín jù. Èmi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi máa ń já jù. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a pọ̀ débi pé ojú kálukú wa kéré bí èékánná lórí fóònù. Ojú wa ti ń tóbi sí i báyìí, ẹ̀yin náà mọ ohun tó fà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, Làmídì pè mí lọ́tọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọkàn ni, ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n sì fi í sí.

“Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?” ni mo bi í.

“Ó ń bà mí,” ó dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. “Ẹni ọdún wa yìí, tí wọ́n bá fún un lóògùn oorun, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé á jí? Jẹ́ kí n rí ojú gbogbo yín lọ́jọ́ Sátidé kí n tó wọlé. Ìwọ ni kí o ṣàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má jẹ́ kí tìẹ já. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ààbọ̀ àdúrà ni mo máa gbé dání dé orí tábìlì yẹn.”

Mo ṣèlérí. Ibi tí ìṣòro wà ni pé pálọ̀ wa kì í ṣe tèmi ní ọ̀sán Sátidé. Àlàjá, ìyàwó mi, ni olórí àwọn ìyá àsàlátù àdúgbò wa, pálọ̀ yẹn sì ni wọ́n ti máa ń ṣe ìpàdé wọn. Ọkùnrin tó bá jókòó sí àárín wọn, tó ń bá obìnrin Abẹ́òkúta rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ń wá wàhálà fún ara rẹ̀. Yàrá mi ni mo máa wà, dandan sì ni kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mi níbẹ̀. Mo pinnu láti ra rúútà tuntun.

Ràfíátù, ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Ìbàdàn, ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ̀.

“Dádì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu dídùn tajà fún yín o,” ó ní. “Ògiri ilé yẹn ni ìṣòro yín. Èyí tó jẹ́ méjì ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ gbé ọ̀kan sí pálọ̀, kẹ́ ẹ gbé èkejì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá yàrá yín. Ti pálọ̀ á gbà á wọlé, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí n rà á bọ̀ ní ìparí oṣù?”

“Ìparí oṣù ti jìnnà jù. Mo ti gbọ́ ohun tó o sọ.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò kàn gbà ni. Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n mo ka físíìsì pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún kan, ọdún kan yẹn ò sì yé kó bá mi láti ìgbà náà. Gbogbo ohun tó bá ti ní wáyà nínú ni mo máa ń rò pé mo mọ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Àpòmù. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù fóònù létí títì níbẹ̀, bó bá kí yín, ẹ ó rò pé ẹ̀yin lẹ bí i.

“Bàbá mi, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, ẹ mu omi. Rúútà? Ilé yín ti tóbi tó?”

“Ilé bàbá mi ni. A kì í ka yàrá rẹ̀.”

“Ọlọ́run á dá a sí. Ẹ wo èyí.” Ó gbé méjì funfun kan jáde, wọ́n rí roboto bí ìdérí ìkòkò. Irú èyí tí Ràfíátù sọ gan-an ni.

“Áńtẹ́nà rẹ̀ dà?” ni mo bi í.

“Inú rẹ̀ ló wà, sà.”

Ọkàn mi ò gbà á. Áńtẹ́nà tí mo mọ̀ láyé mi, ìta ló máa ń wà, kí gbogbo àdúgbò lè rí i. Mo gbójú sókè sí pẹpẹ rẹ̀, mo sì rí ọ̀kan dúdú níbẹ̀ tí áńtẹ́nà rẹ̀ nà síwájú, nà sẹ́yìn, nà sí ẹ̀gbẹ́, bí alántakùn tí wọ́n dà délẹ̀ tó ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀.

“Ìyẹn ńkọ́?”

“Bàbá, ẹ lójú ọjà. Dis one strong well well. Bó bá fi lè wọ ilé yín, wọ́n á máa gbà á ní Gbọ̀ngán.”

“Ṣé ó dára ju ti funfun yẹn lọ ni?”

“Ti funfun náà dáa, Bàbá. Gbogbo wọn ló dáa.”

Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀ pé kò sí ohun tí mo lè fọwọ́ kàn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí kò ní pọ́n lé, títí kan àga tí mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n ojú mi ti wọ alántakùn lára. Mo sanwó. Láti Àpòmù dé Ìkirè, orí itan mi ni mo gbé e lé bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, mo sì ń bẹ awakọ̀ pé kó rọra bọ́ sínú kòtò.

Inú Àlàjá dùn nígbà tó rí i. Ó ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá mi, ó sì mú aṣọ funfun kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, ó fi bò ó lórí, bí a ṣe máa ń bo tẹlifíṣọ̀n nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ àlejò pàtàkì nínú ilé. Áńtẹ́nà gún aṣọ náà sókè lóríṣiríṣi, ó wá dà bí àgọ́ àwọn tó lọ sí Hájì ní Mínà. Ní pálọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń sáré. Mo wọ yàrá mi, ó kú pátápátá. Ògiri bàbá mi ò bìkítà fún iye áńtẹ́nà tí nǹkan ní.

Mo gbé e kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e wọ yàrá. Níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbà láti ìta, ògiri kan náà ló dí i lọ́nà. Fóònù mi ń rí rúútà dáadáa, rúútà ni kò rí nǹkan kan. Èmi àti òun kàn jókòó, à ń wo ara wa.

“Bàbá Ràfíà,” Àlàjá ní láti ẹnu ọ̀nà, “ẹ gbé e sí pálọ̀, kò gbà. Ẹ gbé e sí yàrá, kò gbà. Àbí òun náà ti kàwé jù ni?”

“Òkè ló ń fẹ́,” ni mo dá a lóhùn.

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ wọ ilé wa, orí ọparun gígùn ni bàbá mi gbé áńtẹ́nà rẹ̀ lé. Èmi ni mo máa ń dúró nídìí ọparun náà níta tí màá máa yí i, tí àwọn ará ilé á máa ké sí mi láti inú pé, “Ó ti dé. Ó ti lọ. Dá a padà. Dúró síbẹ̀, má mí.” Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fi etí wò lọ́nà yẹn. Nígbà tí mo bá sì rántí ohùn àwọn tó ń ké yẹn báyìí, àwọn tí mi ò ní gbọ́ ohùn wọn mọ́, ó máa ń ṣe mí bíi kí n tún lọ dúró níbẹ̀. Bóyá ohun tó tì mí gan-an nìyẹn, kì í ṣe físíìsì.

Lọ́jọ́ kejì, mo pe káfíńtà, ó bá mi ri ọparun kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé yàrá mi, ó ga ju òrùlé lọ. A wá korobá ọ̀dà kan, a fọ̀ ọ́, a gbé rúútà sínú rẹ̀, a da ojú rẹ̀ délẹ̀ kí òjò má baà wọ̀ ọ́. A dá ihò sí i lára kí áńtẹ́nà lè yọ síta, a sì fa wáyà iná gba ojú fèrèsé. Mo wọ yàrá, mo tan fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún dẹ́nu. Mo pe Adégòkè, mo rí irun imú rẹ̀ kedere. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọdún kan tí mo fi ka físíìsì.

Ohun tí mi ò rò ni pé korobá tó bá ga ju òrùlé lọ, gbogbo ojú ló máa rí i.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe. Bí èèyàn bá ra nǹkan tuntun, ìbáà ṣe mọ́tò, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìlọta, aládùúgbò á wá kí i kú ìnáwó, á ṣàdúrà fún un pé kó lò ó pẹ́. Ẹni tó ra nǹkan náà á sì wá mínírà tútù fún àlejò. Ṣẹ́gun ló kọ́kọ́ dé. Télọ̀ ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, irun tirẹ̀ náà ti ń funfun.

“Bàbá, ẹ kú ìnáwó o. A rí nǹkan lókè. Ẹ ó lò ó pẹ́, ẹ ó sì ra èyí tó jù ú lọ.”

“Àmín, Ṣẹ́gun. O ṣeun.”

Ó dúró. Èmi náà dúró. Kò sí mínírà nílé, iye tí wọ́n sì ń ta mínírà báyìí, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, a ò ní kúrò níbí lónìí. Ojú tì mí láti jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfìfo.

“Gbé fóònù rẹ wá,” ni mo sọ fún un. “Jẹ́ kí n fún ọ ní páásíwọ́ọ̀dù.”

Mo ti fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní mínírà rí, kò sí èyí tó wò mí bí Ṣẹ́gun ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí n tó jẹun ọ̀sán, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti wá kí mi kú ìnáwó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àyọ̀ká, tó ń din dòdò tà létí títì, kó dòdò sínú ọ̀rá wá fún mi, ó ṣàdúrà gígùn, ó sì ti na fóònù sí mi kó tó parí rẹ̀. Àwọn kan wá láti àdúgbò kejì tí mi ò mọ̀ rí. Ọkùnrin kan tó ń lọ sóko ní Orílẹ̀-Òwu bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó kí mi kú ìnáwó, ó gba páásíwọ́ọ̀dù, ó tún gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe láàárín ẹ̀gẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn tọkàntọkàn. Ó ti pẹ́ tí àdúrà tó pọ̀ tó yẹn ti wọ ilé wa, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó joyè.

Sátidé dé. Mo wọ agbádá funfun mi, mo dé fìlà tó bá a mu. Ṣòkòtò agbádá náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, Àlàjá ti lọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ń mú, fóònù kì í sì í wò ju àyà lọ. Mo bá fi ṣòkòtò péńpé sílẹ̀ nídìí mi. Àwọn ìyá àsàlátù ti kún pálọ̀. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo gbé fóònù ti ife omi kan, mo jókòó bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò.

Adégòkè yọjú. Jọláadé yọjú. Làmídì náà yọjú láti orí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un. Nígbà tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́...” ojú rẹ̀ sì dúró gbagidi bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ní yíyà.

Mo gbọn fóònù. Mo bọ́ sí ẹ̀bá fèrèsé. Korobá mi wà lókè, kò mira. Ohùn Jọláadé ń wá ní gígé, “...Ìkirè tún ti... ẹ sọ fún un pé...” Ó dáa díẹ̀, mo sì gbọ́ Làmídì tó ń sọ pé, “Ó ti já, àbí? Ẹ fi í sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì máa tó wá gbé mi fún àyẹ̀wò. Bí ò bá ṣeé ṣe, kò burú.” Lẹ́yìn náà, ojú gbogbo wọn tún dúró.

Láti ìgbà tí a ti jọ jẹ́ ọ̀dọ́ ni mo ti mọ Làmídì. Bó bá ti sọ ọ́ jẹ́jẹ́ báyẹn pé kò burú, ó burú ni. Mi ò lè jókòó mọ́.

Mo ya sí pálọ̀. Àwọn ìyá àsàlátù jókòó yí ká, kálukú gbé fóònù tirẹ̀ lé ọwọ́, wọ́n ń wo wáàsí àáfà kan.

“Àlàjá, ta ló fún gbogbo wọn ní páásíwọ́ọ̀dù?”

“Wọ́n kí mi kú ìnáwó ni,” ó ní.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo yọ orí síta. Ní ṣọ́ọ̀bù Ṣẹ́gun, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò, fóònù kọ̀ọ̀kan wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àyọ̀ká ń wo eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró tó ń hó. Àwọn ọlọ́kadà tò sábẹ́ ògiri wa, wọn ò gbé èrò kankan, wọ́n tẹ orí ba fóònù. Gbogbo àdúgbò ló wà lórí ẹ̀rọ mi, èmi tí mo rà á nìkan ni kò rí àyè níbẹ̀.

Mo já sí títì. Mo ti gbàgbé ohun tí mo wọ̀ àti ohun tí mi ò wọ̀. Agbádá mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́, orúnkún mi méjèèjì wà nínú oòrùn.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀,” ni mò ń wí, tí mò ń nàka sókè. “Ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ yìí.”

Bàbá kan tó ń kọjá lọ wo orí ọparun bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú wa, ó sì yára kọjá sí òdìkejì títì.

Ṣẹ́gun jáde, téèpù ìwọnṣọ ń fì lọ́rùn rẹ̀. “Bàbá, kí ló dé? Ṣòkòtò yín dà?”

“Fi ṣòkòtò sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń lọ fún iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fẹ́ rí wa kó tó lọ, fóònù ò sì gbà nítorí pé ẹ pọ̀ jù lórí rẹ̀. Làmídì ni.”

“Làmídì wo? Tíṣà Làmídì? Tíṣà ìṣirò?”

“Òun ni.”

Ṣẹ́gun yíjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. “Ẹ pa gbogbo fóònù yẹn. Ẹ pa á, mo ní. Tíṣà Làmídì ni.” Ó sọdá lọ bá Ìyá Àyọ̀ká, Ìyá Àyọ̀ká sì yíjú sí àwọn ọlọ́kadà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ orúkọ ọ̀rẹ́ mi tó ń lọ láti ẹnu dé ẹnu lójú títì, mo wá rántí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní àdúgbò wa tí Làmídì ò kọ́ ọmọ ibẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mo ti ń ṣe bí ẹni pé tàwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni.

Nígbà tí mo padà wọ yàrá, ojú Làmídì ti ń mira, ohùn rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ èmi nìkan kọ́ ni mo padà wọlé. Ṣẹ́gun tẹ̀ lé mi, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, Ìyá Àyọ̀ká mú ṣíbí ìdindòdò dání, àwọn ìyá àsàlátù pa wáàsí tì, wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Yàrá ò gbà wá. A kó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, sábẹ́ ọparun, Ṣẹ́gun gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì ń fà sẹ́yìn kí gbogbo wa lè hàn.

“Ta ló kó ìlú jọ?” Làmídì béèrè. Ó súnmọ́ fóònù. “Ta ló mú fóònù yẹn? Jẹ́ kí n rí ojú rẹ. Ṣé Ṣẹ́gun nìyẹn, Ṣẹ́gun tó máa ń sùn lẹ́yìn kíláàsì?”

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé o ti wá mọ ìṣirò báyìí?”

“Aṣọ ni mò ń rán, sà. Téèpù ló ń bá mi kà á.”

“Tíṣà, ẹ ti rù,” Ìyá Àyọ̀ká ní. “Kí ni wọ́n ń fún yín jẹ níbẹ̀?”

“Ọ̀dùnkún. Láàárọ̀, ọ̀dùnkún. Lálẹ́, ọ̀dùnkún.”

“Ẹ yára ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ ò lè kú síbi tí wọ́n ti ń jẹ irú oúnjẹ yẹn.”

Làmídì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Làmídì tún súnmọ́ fóònù. Ó ń wo nǹkan kan.

“Ọ̀rẹ́ mi,” ó sọ fún mi, “ta ló gba ṣòkòtò rẹ?”

Ṣẹ́gun ti fà sẹ́yìn jù. Láti fìlà dé bàtà ni gbogbo ayé ti ń rí mi, láti Ìkirè dé ìlú òyìnbó. Jọláadé ń fi ọwọ́ lu tábìlì ní Abẹ́òkúta. “Láti yunifásítì ni orúnkún yẹn ti rí bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Mo rò pé ọjọ́ orí á tún un ṣe.” Àwọn ìyá àsàlátù ń fi gèlè bojú. Àlàjá wò mí, ó wo ọ̀run.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi ṣàdúrà. Mo ti to àdúrà gígùn sọ́kàn láti ọjọ́ tó pè mí, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wá. Mo kàn ní, “Ọlọ́run, ìwọ lo fún wa ní ọkùnrin yìí. Jẹ́ kó tún jí sáàárín wa.” Wọ́n ṣe àmín. Àlàjá gbà á lẹ́nu mi, òun àti àwọn ìyá rẹ̀ ṣe dúà. Ṣẹ́gun bọ́ bàtà rẹ̀, ó ṣe tirẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìjọ wọn. Àmín kan náà ni gbogbo wa ń ṣe. Làmídì di ojú, omi ń yọ lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mira pẹ̀lú tiwa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò já lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń gbé e lọ, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Mo ti rí yín. Ó tó.”

Ní Mọ́ńdè, a ò gbọ́ nǹkan kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Túsìdé, ọmọ rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé bàbá ti jí, pé ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá mo ti rí ṣòkòtò wọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Mo sọdá lọ sọ fún Ṣẹ́gun. Kí n tó padà dé ẹnu ọ̀nà wa, Ìyá Àyọ̀ká ti ń pín dòdò fún àwọn ọlọ́kadà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ìparí oṣù, Ràfíátù dé. Ó dúró lábẹ́ ọparun, ó wòkè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Méjì funfun roboto ló rà bọ̀. Ó gbé ọ̀kan sí fèrèsé pálọ̀, ó gbé èkejì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá yàrá mi, bó ṣe sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wọlé tọ̀ mí wá láìsí wàhálà. Ó fẹ́ yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má yí i. Kò sí ẹni tó sọ fún àwọn ará títì, ṣùgbọ́n bó bá ti di ọ̀sán Sátidé, wọ́n á pa fóònù wọn fúnra wọn, Ṣẹ́gun á sì yọjú sí fèrèsé mi láti béèrè pé, “Tíṣà ńkọ́?”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ò pọ̀. Bí ọmọ ẹni bá sọ pé ògiri nípọn, kí èèyàn lọ wo ògiri náà dáadáa kó tó gbé owó jáde. Bí èèyàn bá sì fẹ́ wọ agbádá, kó wọ̀ ọ́ pé. Mi ò ní sọ pé agídí mi ló mú oore wá, agídí lásán ni. Ọlọ́run ló ṣàánú mi, tí àwọn aládùúgbò mi sì jẹ́ èèyàn. Mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, Àlàjá á sì béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó kúkú mọ̀ ọ́n.

Nínú àwa tí ojú wa ò gba orí fóònù tán nígbà kan, Tìjání ti lọ, Fọlárìn ti lọ, Bánkọ́lé tó ń ta wá lólobó nígbà ìdánwò náà ti lọ. Adégòkè ń bẹ ní Ìbàdàn, ó ń fi ọ̀pá rìn, kò sì gbà pé ọ̀pá ni. Jọláadé ń bẹ ní Abẹ́òkúta, ó ń bú wa lọ. Làmídì ń bẹ, wọ́n ti gbà á láyè láti máa rìn dé ẹnu géètì ọmọ rẹ̀ kó sì padà. Èmi náà ń bẹ.